Ìkìlọ̀ Orí Fóònù Nígbà Ewu: Ìrànlọ́wọ́ Ni, Tàbí Ìdágìrì?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìyá kan nínú ìjọ wa dúró dè wá lẹ́yìn ìsìn. Ó mú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí a bá òun yọ ohun kan kúrò nínú rẹ̀. A bi í pé kí ni. Ó ní àwọn ìkìlọ̀ tí ó máa ń wọlé nígbà tí ewu bá ṣẹlẹ̀ ni. Ó ní wọ́n ń já òun láyà lásán. Pé ní ọjọ́ tí ọ̀kan wọlé, àwọn ọmọ ilé rí i lórí fóònù tiwọn náà, wọ́n sọ fún ìyá òun ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá arúgbó náà kò sì jẹun títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tí òun alára ń sùn ní àlàáfíà nínú ilé òun. Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn níbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ yọ ọ́, nítorí pé irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí òun mọ̀ pé àbúrò òun yè ní ọjọ́ tí àdó olóró bú nínú ọjà. Àwọn méjèèjì wò wá lójú pé kí a dá ẹjọ́ náà. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìdáhùn wa ni ọ̀rọ̀ òní.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ó ti kan ará ilé lọ. Àwa tí a ń gbé ní Òkè Ọya, àti ní àwọn ìlú mìíràn tí ó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, ojú méjì ni a fi ń gbé ayé: ojú kan wà lára ibi tí a wà, ojú kejì wà nílé. Bí ewu bá ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, ẹ̀rù a ba àwọn ará ilé nítorí wa. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nílé, oorun kò ní kun àwa náà. Bí ìròyìn bá ṣe rìn láàárín àwa àti àwọn, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wa yóò ṣe balẹ̀ tàbí kí ó dàrú.

Kí a tó dá fóònù lẹ́bi, ó yẹ kí a rántí bí ó ti rí nígbà tí kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, iná ràn mọ́ ibi tí àwọn ọmọ ogun ń kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà ní Èkó, àwọn àdó olóró sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú lọ́kọ̀ọ̀kan àti ní méjì-méjì. Ilẹ̀ mì, fèrèsé já, ìró náà sì dé ibi tí ó jìnnà. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn ká ní Nàìjíríà ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì ní in. Àwọn kan rò pé àwọn ológun tún fẹ́ gba ìjọba, àwọn mìíràn rò pé ogun ti dé. Kò sí ẹni tí ó tètè sọ fún wọn pé bárékè ni ọ̀ràn náà wà, pé kí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn jókòó sí ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sáré nínú òkùnkùn lọ sí ìhà Òkè-Afá, níbi tí ojú omi kan wà tí ewéko ti bò mọ́lẹ̀ tí ó fi dà bí ilẹ̀ lásán. Wọ́n kó sí i. Àwọn tí ó kú ní alẹ́ ọjọ́ náà tó 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fi ojú kan àdó olóró. Sísá ni ó pa wọ́n, nítorí pé wọn kò mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n sá kúrò, wọn kò sì mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n sá lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ìkìlọ̀ kò wúlò kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀. Àwọn baba wa ní igi gánńgán má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ibi tí wàhálà wà ni irú ìkìlọ̀ tí a ń gbọ́, ẹni tí ó ń kì wá nílọ̀, àti ohun tí àwa fúnra wa ń fi ìkìlọ̀ náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí àwọn tọkọtaya wa ń jà lé lórí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ àti ìgbì òkun ńlá ba ọ̀pọ̀ ìlú jẹ́ ní ilẹ̀ Japan. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Facebook tí wọ́n wà níbẹ̀ rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá ara wọn kiri, wọ́n sì ṣe ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí ó yè lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ohun tí wọ́n pè ní Safety Check ti jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014. Àwa yóò máa pè é ní ìbéèrè àlàáfíà. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: bí ewu bá ṣẹlẹ̀ ní ibì kan, ẹ̀rọ náà yóò wo àwọn tí ó rò pé wọ́n wà ní agbègbè náà, yálà nítorí pé orúkọ ìlú náà ni wọ́n kọ sílẹ̀, tàbí nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Yóò bi wọ́n pé, ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ẹni tí ó bá yè yóò tẹ̀ ẹ́ pé àlàáfíà ni òun wà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò sọ pé òun kò sí níbẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ìkànnì náà yóò gbọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìmìtìtì ilẹ̀, ìjì àti irú wọn nìkan ni wọ́n ń lò ó fún. Wọ́n lò ó ní ilẹ̀ Nepal ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn apániláyà pa ènìyàn 130 ní Paris, ilé-iṣẹ́ náà sì tan ìbéèrè àlàáfíà fún ìlú náà. Láàárín wákàtí 24, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 4 ni ó ti tẹ̀ ẹ́ pé àwọn yè. Inú ọ̀pọ̀ dùn, ṣùgbọ́n àwọn kan bínú, ìbínú wọn sì tọ́. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an, àdó olóró ti pa ènìyàn tí ó lé ní 40 ní ìlú Beirut ní ilẹ̀ Lebanon, kò sì sí ẹni tí ó bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè àlàáfíà wọn. Ilé-iṣẹ́ náà gbà pé òun yóò yí ìlànà òun padà. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá yẹn kan náà, àdó olóró bú ní Jimeta ní ìlú Yola, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n tan ìbéèrè náà fún Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ rí i ní ọjọ́ náà.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Ẹni tí ó bá ti wà nítòsí ewu rí yóò mọ̀ ọ́n. Bí ewu bá ṣẹlẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a sì dí gbọin-gbọin. Ẹ ó máa pè, kò ní wọlé. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a tẹ̀ ránṣẹ́ a máa rí ọ̀nà gbà níbi tí ìpè kò ti lè wọlé, nítorí pé àyè tí ó ń gbà kò tó nǹkan. Ẹni tí ó ní ẹbí 50 kò nílò láti pe ẹni 50. Títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó fara pa láti pe àwọn tí yóò gbà á là. Ohun tí ọkọ ìyá wa rí gbà nìyẹn ní ọjọ́ tí ó ń sọ, a kò sì lè bá a jiyàn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó rí kà, wọ́n sì tó fún un láti jókòó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti aya rẹ̀ náà, nítorí pé ẹjọ́ tirẹ̀ kì í ṣe asán. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2016, ọjọ́ Àjíǹde, àdó olóró bú nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní ìlú Lahore ní ilẹ̀ Pakistan, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 70. Ẹ̀rọ náà ṣe àṣìṣe: ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà. Èyí tí ó burú jù ni pé àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn kan rí gbà kò dárúkọ ìlú rárá. Ó kàn béèrè bóyá ìbúgbàmù náà kàn wọ́n ni. Ẹ wo ẹni tí ó jókòó sí ilé rẹ̀ tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dé bá. Ìbúgbàmù wo? Níbo? Ṣé àdúgbò mi ni? Ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n àyà ti já.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ní Bangkok ní ilẹ̀ Thailand, ọkùnrin kan tí inú ń bí ju ẹtù aláriwo sí ilé ìjọba kan. Irú ẹtù tí àwọn ọmọ wa ń yìn nígbà Kérésìmesì ni, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ. Nígbà náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ni ó ń tan ìbéèrè náà mọ́. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun kan lórí ìkànnì, tí ìròyìn kan sì bá a mu, ẹ̀rọ lè tan án. Ìròyìn àtijọ́ nípa àdó olóró tí ó bú ní ìlú náà ní ọdún 2015 tún jáde mọ́ ọn bí ẹni pé òní ni ó ṣẹlẹ̀. Fún bíi wákàtí kan, ìkìlọ̀ ìbúgbàmù wà lójú fóònù àwọn ará Bangkok. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Ìlú tí ó ti rí àdó olóró ní ọdún tí ó ṣáájú kò lè rí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó jókòó.

Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù wà nínú ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017, iná jó ilé alájà púpọ̀ kan tí a ń pè ní Grenfell Tower, ènìyàn 72 sì bá a lọ. Ilé kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìbéèrè àlàáfíà dé ọ̀dọ̀ wọn wà káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí iye ènìyàn inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù 8 lọ. Ẹ wo ohun tí èyí dá sílẹ̀. Kí ìbéèrè náà tó wá, bí ẹ bá ní ọmọ ní apá kejì ìlú náà, ẹ kò ní rò pé iná náà kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ rí i pé ọmọ Lágbájá ti tẹ̀ ẹ́ pé òun yè, tí ọmọ Tàmẹ̀dò náà ti tẹ̀ ẹ́, tí tiyín kò tẹ nǹkan kan, ẹ̀rù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bà yín. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà lè wà lẹ́nu iṣẹ́, kí fóònù rẹ̀ wà nínú àpò. Ẹ̀rọ tí a ṣe láti fi àwọn tí ó yè hàn wá sọ gbogbo ẹni tí ó dákẹ́ di ẹni tí ó sọnù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá arúgbó wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà nìyí. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé, ibì kan ṣoṣo ni Òkè Ọya. Bí wọ́n bá gbọ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ ní Yola, wọ́n a pe ọmọ tí ó wà ní Kano, bẹ́ẹ̀ ni láti Kano dé Yola ju ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ. A kò bú wọn. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà gan-an kò lè sinmi.

Ìdákẹ́jẹ́ ní ilẹ̀ wa sì ní ìdí púpọ̀ tí kì í ṣe ikú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, nígbà tí ìjọba kéde òfin pàjáwìrì ní Adamawa, Borno àti Yobe, wọ́n gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kúrò, ó sì tó oṣù díẹ̀ kí ó tó padà bọ̀ sípò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n tún gé e ní Zamfara. Ọmọ tí ó yè dáadáa kò lè dáhùn ìpè ìyá rẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kí a tún ka iná mànàmáná tí kò sí, bátìrì tí ó kú, àti dátà tí ó tán. Bí a bá ń ka gbogbo ìdákẹ́jẹ́ sí òkú, a ó sọkún títí láìnídìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilé-iṣẹ́ ìkànnì nìkan ni ó ń ṣe àṣìṣe, pé ti ìjọba kò lè yẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2018, ìkìlọ̀ wọlé sórí fóònù gbogbo ará Hawaii ní Amẹ́ríkà pé ohun ìjà olóró ń bọ̀ lójú ọ̀run, kí wọ́n sá pamọ́. Òṣìṣẹ́ kan ni ó ṣì í gbọ́, tí ó rò pé ìdánrawò tí wọ́n ń ṣe jẹ́ òtítọ́. Ìṣẹ́jú 38 kọjá kí irú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà tó jáde láti sọ pé kò sí nǹkan kan. Gómìnà wọn jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí òun yóò fi wọ ojú ìwé Twitter òun. Ẹ ro ohun tí ìṣẹ́jú 38 jẹ́ fún ẹni tí ó gbá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra nínú ilé tí ó sì ń dúró de ikú. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ẹni tí ó ní agbára láti kì wá nílọ̀ gbọ́dọ̀ ti pèsè ọ̀nà tí yóò gbà tètè sọ pé òun ṣìṣe.

Síbẹ̀, gbogbo èyí tí a ti kà sílẹ̀ kò tó èyí tí àwa fúnra wa ń fi ọwọ́ wa ṣe. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, pé àrùn náà kò ní ràn wọ́n. Ìyá ń jí ọmọ lójú oorun ní òru, àbúrò ń pe ẹ̀gbọ́n láti ìlú dé ìlú. Kò sí dókítà tí ó sọ ọ́, kò sí iléeṣẹ́ ìlera tí ó fọwọ́ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán ènìyàn 2 ni ó kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àrùn náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìkìlọ̀ ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìfẹ́ ni àwọn ènìyàn sì fi ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn. Ìdí nìyí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi léwu: ẹni tí ó fẹ́ràn wa ni ó ń gbé e wá, a kì í sì í bi ẹni tí ó fẹ́ràn wa pé ta ni ó sọ fún ọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìbúgbàmù ńlá kan mi ìlú Ìbàdàn. Àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n wà ní òpin ìlú gbọ́ ọ. Fóònù àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí ó jẹ́. Nígbà tí orúkọ Bódìjà jáde, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń gbé ní Òkè-Àdó mí kanlẹ̀, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ní Bódìjà gan-an sì mọ̀ pé òun ni ó yẹ kí ó máa pe ilé. Nígbà tí gómìnà ìpínlẹ̀ náà wá sọ̀rọ̀ pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà kó pamọ́ sí inú ilé kan ni, àwọn tí ń rò pé àwọn apániláyà ti wọ Ìbàdàn sinmi. Àwọn kan kú, ọ̀pọ̀ fara pa, ilé wó, ìbànújẹ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ àdúgbò kan ṣoṣo ti mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó sì ti darí ìrànlọ́wọ́ sí ibi tí ó yẹ.

Ibí ni a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa dúró sí. Ìkìlọ̀ tí ó dára a máa dín ẹ̀rù kù sí ibì kan; ìkìlọ̀ tí kò dára a máa tú ẹ̀rù ká sí ibi gbogbo. Àwọn akéde ìlú wa mọ èyí kí a tó gbọ́ orúkọ fóònù. Akéde kì í lu agogo kí ó sì máa lọ. Yóò sọ ẹni tí ó rán an. Yóò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ibi tí ó wà. Yóò sọ ọjọ́ àti àkókò. Yóò sì sọ ohun tí kí ará ìlú ṣe. Agogo tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ariwo ni. Nítorí náà, bí ìkìlọ̀ kankan bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin yìí: Ta ni ó rán ọ? Ibo ni? Nígbà wo ni? Kí ni kí n ṣe? Èyí tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tẹ̀lé e kíákíá. Èyí tí kò bá lè dáhùn, kí ó kú sọ́wọ́ yín. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ohun mìíràn tí a rọ̀ yín láti ṣe nìyí. Lọ́nà kìíní, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan nílé, ẹni tí ó ní sùúrù tí ó sì gbọ́n, tí a ó máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí nígbà ewu. Òun ni yóò sọ fún ìyá, fún bàbá àti fún àwọn àbúrò. Bí gbogbo ilé bá ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń dí ọ̀nà ẹni tí wọ́n ń wá.

Lọ́nà kejì, ẹ sọ fún àwọn òbí yín ibi tí ẹ ń gbé gan-an: orúkọ àdúgbò, orúkọ ìlú, àti bí ó ti jìnnà tó sí àwọn ìlú tí wọ́n máa ń gbọ́ orúkọ wọn lórí rédíò. Ẹ fi yé wọn pé bí fóònù yín bá dákẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Kí ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan lórí iye wákàtí tí wọn yóò dúró, àti ẹni tí wọn yóò pè lẹ́yìn rẹ̀: aládùúgbò yín, tàbí olórí ẹgbẹ́ yín nínú ìjọ.

Lọ́nà kẹta, bí ìbéèrè àlàáfíà bá bá yín níbi tí ẹ kò ti sún mọ́ ewu, ẹ sọ pé ẹ kò sí níbẹ̀. Òtítọ́ ni, ó sì wúlò ju pé kí ẹ sọ pé ẹ yè lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ pé òun yè ń mú kí ará ilé rò pé ewu kọjá lẹ́bàá òun. Bí ẹ bá wà nítòsí, ẹ kọ́kọ́ kúrò nínú ewu kí ẹ tó mú fóònù. Nọ́ńbà 112 ni kí ẹ fi pe ìrànlọ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ lórí ìkànnì kò lè gbé ọkọ̀ aláìsàn wá.

Lọ́nà kẹrin, bí ẹ bá ti fi ìkìlọ̀ èké ránṣẹ́, kí ojú má tì yín láti ṣàtúnṣe. Gbogbo ẹni tí ẹ fi èké náà ránṣẹ́ sí ni kí ẹ fi òtítọ́ ránṣẹ́ sí, kí ó má sì tó ìṣẹ́jú 38.

Nísinsìnyí, a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tọkọtaya wa. Sí ìyá, a ní: ẹ̀yin kò ṣìwí, ìkìlọ̀ náà kò mọ̀ pé ìyá arúgbó kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlú kan àti èkejì ní Òkè Ọya. Sí bàbá, a ní: ẹ̀yin náà kò ṣìwí, ní ọjọ́ tí ewu bá dé ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ kúkúrú kan lè mú kí ọkàn ilé odindi balẹ̀. Ìdájọ́ wa ni pé kí ìkìlọ̀ náà wà nínú fóònù, ṣùgbọ́n kí a tún ohun tí ó wà lóde fóònù ṣe. Ẹ̀rọ lè sọ pé ewu wà. Kò lè sọ fún ìyá yín pé kì í ṣe àdúgbò yín ni. Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọ́, ó sì yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ ṣáájú.

Ìyá náà gbà. Ó ti kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa gba iṣẹ́, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé ìlú tí òun ń gbé jìnnà sí ìlú tí wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́sí. Ìyá arúgbó náà béèrè iye ọjọ́ tí a ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Wọ́n jọ ṣírò rẹ̀, ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ó ní, háà, òun ìbá ti jẹun.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, tábìlì kan yóò wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kí olúkúlùkù kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀: ti ẹni tí a lè pè níhìn-ín, àti ti ẹni tí a lè pè nílé. A ó tọ́jú rẹ̀. Àdúrà wa ni pé kí a má rí ohun tí a ó lò ó fún. Ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ire o.